Bí òṣìṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n bá kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Irun ni mò ń dì ní Peckham, nílùú London, ó sì ti pẹ́ tí mo ti gba pásípọ́ọ̀tù ìlú yìí. Láìpẹ́ yìí ni àwọn Ìmígíréṣọ̀n ya wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí tèmi, tí wọ́n ń béèrè pépà lọ́wọ́ àwọn tó wá ra ọjà pàápàá. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kò fẹ́ jókòó nítòsí ilẹ̀kùn mọ́. Àbúrò mi ọkùnrin wà lọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló bá wá, ṣùgbọ́n ìjọba ti gba láísẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó mú un wá. Ṣé dandan ni kí n ṣílẹ̀kùn bí wọ́n bá dé? Ṣé àbúrò mi gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn bí wọ́n bá dá a dúró ní títì? Ọkọ mi ní kí n gbẹ́nu dákẹ́, pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹni tó ní pépà. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àìbalẹ̀ ọkàn. Ọ̀rọ̀ ọkọ yín ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun ni mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn èèyàn wa nílùú Ọba, òun náà ló sì léwu jù. Kì í ṣe òótọ́ rárá. Nígbàkígbà tí ìjọba bá fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú máa ń fara gbá níbẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Ẹ wo ohun tó dé bá àwọn tí wọ́n ń pè ní Windrush, ìyẹn àwọn ará Caribbean tó ti wá síbí tipẹ́. Lọ́dún 2012, Theresa May, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, sọ fún oníwèé ìròyìn pé òun fẹ́ kí ìlú yìí le koko mọ́ ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú. Òfin ọdún 2014 àti ti 2016 wá sọ lánlọ́ọ̀dù àti báńkì di ẹni tó ń yẹ pépà wò, bí ọ̀gá iṣẹ́ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tó kó sí i ni àwọn ọmọ Jamaica, Barbados àti Trinidad tí òbí wọn ti kó wá síbí láti kékeré. Ẹni tó bá ti fìdí kalẹ̀ níbí ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibí lọ. Òfin ọdún 1971 ló fún wọn. Ṣùgbọ́n ìjọba kò fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìwé kankan tí wọ́n lè fi hàn, Home Office, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé, fúnra rẹ̀ sì ti da káàdì tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi nù ní 2010. Ẹni tó ti sanwó orí fún ọ̀pọ̀ ọdún pàdánù iṣẹ́ àti ilé. Wọ́n ní kí ẹnì kan lọ wá £54,000 kó tó lè gba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Ó kéré tán, èèyàn 83 tí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí ìlú yìí ni wọ́n lé kúrò. Ìgbà tí ariwo náà ta káàkiri ní 2018 ni Amber Rudd, mínísítà tó wà níbẹ̀ nígbà náà, fipò sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ kan sọ níbí, torí àwọn ará wa kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe kò mọ sọ́dọ̀ àwọn ará Caribbean. Ọmọ Nàìjíríà tó ti fìdí kalẹ̀ níbí ṣáájú 1973 wà nínú rẹ̀, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Bí ẹ bá mọ ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí yín tó wá kàwé láyé ọjọ́un, tí kò kúrò mọ́, tí kò sì ní nǹkan tó fi hàn ju pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà àtijọ́ lọ, ẹ jẹ́ kó gba fọ́ọ̀mù Windrush. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá sì ti fìyà jẹ nítorí àìníwèé lè gba owó gbà-má-bínú.

Ti lánlọ́ọ̀dù náà ńkọ́? Ní 2019, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga sọ pé òfin tó ní kí lánlọ́ọ̀dù máa yẹ pépà wò ń mú kí wọ́n sá fún àwọn tí orúkọ wọn kò jọ ti òyìnbó, bí wọ́n tilẹ̀ ní pépà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbà ní 2020 pé ìyàsọ́tọ̀ ń wáyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin náà sílẹ̀. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé ọmọ yín tí wọ́n bí síbí, tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, wà nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ẹnu ọ̀nà. Ní ilé tí ẹ ń gbé, òṣìṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n kò lè ti ilẹ̀kùn wọlé bí kò bá ní ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́, àfi tí ẹ bá gbà á láàyè fúnra yín. Ẹ má ṣílẹ̀kùn. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ láti inú, kí ẹ ní kí wọ́n fi káàdì ìdánimọ̀ wọn hàn lójú fèrèsé, kí wọ́n sì ti ìwé àṣẹ náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Kí ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lórí rẹ̀ dáadáa, ẹ wo déètì rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ilé ẹjọ́ ló fọwọ́ sí i. Bí ó bá pé, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé, kódà wọ́n lè fi agbára wọlé. Ẹ má ṣe dí wọn lọ́nà, torí ọ̀ràn ni ìyẹn lábẹ́ òfin. Bí kò bá sí ìwé àṣẹ, ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé ẹ kò gbà kí wọ́n wọlé. Ohun tó máa ń kó bá àwa Yorùbá ni ìwà ọmọlúàbí tí a fi ń gbàlejò: "Ẹ wọlé, ẹ jókòó." Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbà wọ́n láàyè nìyẹn.

Ti ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀. Níbẹ̀, wọ́n lè lo lẹ́tà tí ọ̀gá àgbà kan nínú Ìmígíréṣọ̀n fọwọ́ sí dípò ìwé ilé ẹjọ́, bí wọ́n bá fura pé ẹnì kan tó yẹ kí wọ́n mú wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà náà hàn yín, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bí wọ́n bá gbà. Oníbàárà tó wá dìrun kò sí lábẹ́ dandan láti dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin fúnra yín gbọ́dọ̀ ṣọ́ra lórí àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́, torí láti oṣù kejì ọdún 2024, owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ lè tó £45,000, ó sì lè tó £60,000 bó bá tún ṣẹlẹ̀. Gbogbo ẹni tí ẹ bá gbà sí iṣẹ́, dúdú tàbí funfun, kó fún yín ní kóòdù tó fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ hàn tàbí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ìjọba ṣe ní kí ẹ ṣe é, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn lásán o. Fíísà rẹ̀ kò gbà á láyè.

Ní títì, òṣìṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n lè bi èèyàn ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìdí pàtó tó fi fura sí i. Àwọ̀ ara àti èdè ẹnu kì í ṣe ìdí. Àbúrò yín lè béèrè pé, "Ṣé ẹ mú mi ni?" Bí wọ́n bá ní rárá, ó lè máa bá tirẹ̀ lọ. Kó má sáré, torí eré sísá ni wọn yóò sọ di ìfura. Ó lè dákẹ́, ṣùgbọ́n kó má purọ́, torí irọ́ pípa fún wọn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè gbé èèyàn lọ ilé ẹjọ́ fún. Ẹni tó bá wà nítòsí lè fi fóònù ká a sílẹ̀. Kò lòdì sí òfin níwọ̀n ìgbà tí kò bá dí wọn lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá mú èèyàn, ọ̀rọ̀ náà le gan-an níbẹ̀, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá ń ṣàlàyé rẹ̀. Kò sí iye ọjọ́ kan pàtó tí òfin ìlú yìí ní kí wọ́n dá ẹni tí wọ́n tì mọ́lé nítorí ìwọ̀lú sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó wádìí àtìmọ́lé Brook House, lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú Gatwick, jábọ̀ ní 2023 pé láàárín oṣù márùn-ún ní 2017, ìgbà mọ́kàndínlógún ni ẹ̀rí tó ṣeé gbà wà pé wọ́n hùwà tó tàbùkù ọmọ ènìyàn sí àwọn tó wà níbẹ̀. Wọ́n dámọ̀ràn pé kó má ju ọjọ́ 28 lọ mọ́. Ìjọba kò gbà. Nítorí náà, kí ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé béèrè lọ́jọ́ náà fún lọ́yà ọ̀fẹ́ tó wà ní ilé àtìmọ́lé, tó máa ń fúnni ní ìdajì wákàtí, kó sì tọrọ béèlì. Adájọ́ ló ń gbọ́ béèlì, kì í ṣe Home Office nìkan.

Ẹ ó wá ní kí ni àǹfààní pé a ń pariwo. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan ká bàlúù kan mọ́ ilẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Stansted, èyí tí ìjọba háyà láti kó àwọn èèyàn lọ sí Nàìjíríà, Ghana àti Sierra Leone. Wọ́n dá àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ náà lẹ́bi lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe nítorí àwọn apániláyà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà ní 2021. Àwọn kan nínú àwọn tí bàlúù yẹn ì bá gbé lọ ṣì wà níbí di òní, pẹ̀lú ìwé. Ní Peckham yín níbẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn aládùúgbò jókòó síwájú ọkọ̀ Ìmígíréṣọ̀n fún wákàtí púpọ̀ títí wọ́n fi fi ẹni tí wọ́n mú sílẹ̀ lórí béèlì. Èmi kò lè gba oníbàárà mi níyànjú pé kó dí ọkọ̀ lọ́nà, torí òfin lè mú un. Ṣùgbọ́n kíkọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò yín, jíjẹ́rìí fún aládùúgbò, ṣíṣe ìwọ́de láìjà, ẹ̀tọ́ yín ni wọ́n lábẹ́ òfin. Ètò kíkó àwọn tó wá tọrọ ààbò lọ sí Rwanda pàápàá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 2023 pé kò bófin mu; pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò dákẹ́ ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku àbúrò yín, tìrẹ̀ sì ni kò gbọdọ̀ falẹ̀. Bí ìjọba bá gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ spọ́ńsọ̀, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó mú òṣìṣẹ́ wá, kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni fíísà òṣìṣẹ́ parí. Home Office yóò kọ̀wé sí i, wọ́n sì sábà máa ń fún un ní ọjọ́ 60 láti ìgbà náà. Íméèlì ni wọ́n ń fi ìwé náà ránṣẹ́ sí jù lọ, íméèlì tí wọ́n sì ní ni èyí tó wà nínú fọ́ọ̀mù fíísà. Fún ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa, íméèlì ájẹ́ǹtì ní Ìbàdàn tàbí Èkó ni! Ọjọ́ ń lọ, wọn kò mọ̀. Kó lọ pààrọ̀ íméèlì rẹ̀ lórí àkọọ́lẹ̀ eVisa, ìyẹn fíísà orí íntánẹ́ẹ̀tì, lálẹ́ òní, kó sì bi ájẹ́ǹtì náà bóyá ìwé kankan ti dé. Lóòótọ́, láti oṣù keje ọdún 2025, wọn kò gba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú láti òkè òkun mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà nínú ìlú ṣì lè lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn tó ní láísẹ́ǹsì. Bó bá fi fọ́ọ̀mù tuntun sílẹ̀ kí fíísà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó parí, òfin gbà á láàyè láti máa gbé ibí títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Bó bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo pẹ́, kò ní ààbò yẹn mọ́.

Kó má sanwó fún ẹnikẹ́ni tí kò sí lórí ìwé Immigration Advice Authority, àjọ tó ń fún àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ìwọ̀lú láṣẹ, tí kì í sì í ṣe lọ́yà. Ẹ wo orúkọ ẹni náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀. Bí ìwé Home Office bá ti dé, kó gbé e wá pẹ̀lú páyísílíìpù rẹ̀ àti ìwé tí ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún un, kí lọ́yà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọjọ́ láti orí déètì tó wà níbẹ̀.