Ṣé Toyota Corolla 2005 tòkúnbọ̀ ṣe é rà fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún?

Ó ṣe é rà dáadáa, bí àwọn ọmọ ò bá tíì ga jù. Èrò márùn-ún ló ń gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sáàárín lẹ́yìn á ráhùn títí ẹ ó fi kúrò ní Èkó dé Ìlọrin.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 ló wọ́pọ̀ nínú èyí tó ti Amẹ́ríkà wọlé. Ṣéènì ló ń mú àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ yí pọ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì tí à ń pààrọ̀ lóòrèkóòrè. Páàtì rẹ̀ kún Ládipọ̀, ọjà páàtì ọkọ̀ l'Ékòó, fọ́fọ́, mọkáníìkì àdúgbò wo ni ò sì mọ̀ ọ́n tú?

Ẹ lọ wò ó láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ílì yọ wò, kí àwọn tó ń tà á wá sítáàtì rẹ̀, kí ẹ̀yin dúró sẹ́yìn. Èéfín tó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ílì ló ń jẹ yẹn. Ẹ má tẹ̀ lé iye máìlì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n máa ń yí i padà. Bí ọkọ̀ bá sì gbọn jìgì nígbà tẹ́ ẹ fi gíá sí D, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn, bó ti wù kí ọ̀dà ara rẹ̀ máa dán tó.