Nígbà tí Sudoku Bá Há: Ọgbọ́n Wo Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Dá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Mo máa ń parí eré nọ́ńbà Sudoku tó rọrùn láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n tí mo bá dé orí èyí tó le, bí mo bá ti kún un dé ìdajì, n kì í rí ọ̀nà gbà mọ́. Nọ́ńbà 23 péré ni wọ́n fi sínú èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Àbúrò mi ní kí n máa méfò, kí n pa á rẹ́ bí kò bá bọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ kọ́ ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní X-wing. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ló sún mọ́ òótọ́ jù, àmọ́ òun náà ti fo ìpele kan. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò, ohun tí mo rí ni pé ẹni tí Sudoku bá há mọ́ lọ́wọ́, ohun tó wà níwájú rẹ̀ tí kò rí ló sábà máa ń dá a dúró, kì í ṣe ọgbọ́n ńlá tí kò tíì kọ́.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ojú 81 tó wà nínú rẹ̀ ní yàrá, kí n sì pe yàrá mẹ́sàn-án tí ìlà dúdú yí ká ní agbo ilé. Òfin eré náà ni pé nọ́ńbà 1 dé 9 gbọ́dọ̀ wà lẹ́ẹ̀kan péré lórí ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan, lórí ìlà òòró kọ̀ọ̀kan àti nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ gbogbo nọ́ńbà tó ṣì lè wọ yàrá òfìfo kọ̀ọ̀kan sí igun rẹ̀ wínníwínní. Iṣẹ́ sùúrù ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fò ó ń di ẹrù tó yẹ kí ìwé gbé lé orí ara rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí 23 yẹn dẹ́rù bà yín. Ní 2012, onímọ̀ ìṣirò Gary McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dublin, ní Ireland, fi kọ̀ǹpútà fi hàn pé Sudoku tó ní ìdáhùn kan ṣoṣo kò lè ní nọ́ńbà tó dín ní 17, síbẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn onínọ́ńbà 17 ni kò le rárá.

Ọgbọ́n tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dá ni èyí tí mo máa ń pè ní ìbejì tó fara pamọ́. Ẹ wo ìlà ìbú kan tí 2, 5, 6 àti 9 ti wà lórí rẹ̀. Yàrá márùn-ún ló ṣófo, nọ́ńbà 1, 3, 4, 7 àti 8 ló sì kù. Yàrá àkọ́kọ́ lè gba 1, 3 tàbí 4. Èkejì lè gba 1, 3, 7 tàbí 8. Ẹ̀kẹta lè gba 3 tàbí 4. Ẹ̀kẹrin lè gba 1 tàbí 4. Ẹ̀karùn-ún lè gba 1, 4, 7 tàbí 8. Kò sí èyí tó ṣẹ́ ku nọ́ńbà kan, nítorí náà ojú á fẹ́ fò ó kọjá. Ẹ má wo yàrá mọ́. Nọ́ńbà ni kí ẹ máa wá ibùgbé fún. Níbo ni 7 lè gbé? Yàrá kejì àti ìkarùn-ún nìkan. 8 ńkọ́? Yàrá méjì yẹn náà ni. A ò tíì mọ èyí tó máa wọ èwo, ṣùgbọ́n kò sí ààyè fún ẹlòmíràn níbẹ̀ mọ́. Ẹ pa 1 àti 3 rẹ́ nínú yàrá kejì, kí ẹ sì pa 1 àti 4 rẹ́ nínú ìkarùn-ún.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá rí i pé yàrá mẹ́ta yòókù ń pín 1, 3 àti 4 láàárín ara wọn á dé ibi kan náà gan-an. Ojú méjì ohun kan ni. Bí yàrá òfìfo bá pọ̀, ìbejì ni kí ẹ máa wá, torí pé lórí ìlà tí yàrá mẹ́jọ ti ṣófo, ẹ óò rí nọ́ńbà méjì tó ń bára wọn gbé kí ẹ tó rí yàrá mẹ́fà tó ń pín nọ́ńbà mẹ́fà.

Ẹ tún máa ṣọ́ agbo ilé: bí gbogbo yàrá tí 5 lè wọ̀ nínú agbo ilé kan bá wà lórí ìlà kan náà, ẹ pa 5 rẹ́ lórí ìlà yẹn ní ìta agbo ilé náà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti pa nǹkan rẹ́, ẹ padà lọ wo bóyá yàrá kan ti ṣẹ́ ku nọ́ńbà kan kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ìgbà tí ìwọ̀nyí bá tán ni X-wing tó kàn. Ká ní lórí ìlà ìbú kejì, ìlà òòró kẹta àti ìkẹjọ nìkan ni 6 lè wà, tó sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lórí ìlà ìbú keje. Bí 6 ti òkè bá gba òòró kẹta, ti ìsàlẹ̀ á gba ìkẹjọ. Bí ti òkè bá gba ìkẹjọ, ti ìsàlẹ̀ á gba ìkẹta. Èyí tó wù kó jẹ́, òòró méjèèjì ti ní 6 tiwọn, ẹ lè pa á rẹ́ nínú àwọn yàrá wọn yòókù. Ó péye, àmọ́ ó ń gba àkókò, nítorí ẹ ní láti tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní tèmi, XY-wing ló tètè ń sanwó, torí pé yàrá onínọ́ńbà méjì nìkan ló nílò. Bí yàrá tó ní 2 àti 5 bá wà lórí ìlà ìbú kan pẹ̀lú èyí tó ní 2 àti 9, tó sì wà nínú agbo ilé kan pẹ̀lú èyí tó ní 5 àti 9, ọ̀kan nínú àwọn méjì ìkẹyìn yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ 9. Yàrá tó bá ń bá àwọn méjèèjì pín ìlà tàbí agbo ilé kò lè jẹ́ 9 mọ́.

Ní ti ìméfò, kọ̀ǹpútà ló yẹ, nítorí kì í gbàgbé oríta tó ti yà. Èèyàn lè kún ogún yàrá kí ó tó rí 4 méjì lórí ìlà kan, kò sì ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́. Bó bá di dandan, ẹ mú yàrá tó ní nọ́ńbà méjì péré, ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí ìwé méjì, kí ẹ sì tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lórí ìwé tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá forí ṣánpọ́n, èkejì ni. Bí kò bá sí èyí tó forí ṣánpọ́n, ẹ fi ìwé méjèèjì wéra: yàrá tí nọ́ńbà kan náà bá ti bọ́ sí lórí méjèèjì, ẹ fi bíírò kọ ọ́ sínú ojúlówó.