Yíyọ ẹ̀rọ èémí àti abẹ́rẹ́ ikú: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní bí dókítà bá yọ ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí, kí ló fi yàtọ̀ sí kó gún un lábẹ́rẹ́ ikú?

Lójú tèmi, ó yàtọ̀. Bí wọ́n bá yọ ẹ̀rọ, àìsàn tó ti wà lára ẹni náà ló pa á. Lọ́dún 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí wọ́n dáwọ́ oúnjẹ tí wọ́n ń fi rọ́bà fún Tony Bland dúró, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe láti 1989. Síbẹ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ikú ṣì jẹ́ ìpànìyàn lábẹ́ òfin. (Àwọn kan á ní ibi kan náà ni méjèèjì ń gbéni lọ. N kò lè já wọn nírọ́ pátápátá.)

Nẹ́dálándì gba abẹ́rẹ́ náà láyè láti 2002, ṣùgbọ́n aláìsàn fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ béèrè, dókítà kejì sì gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni ẹni tó rò pé òun ti di ẹrù sáwọn ọmọ òun lọ́rùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kú, kó má sì jẹ́ ikú gan-an ló ń wá. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà léèrè nípa ìtọ́jú tó ń dín ìrora kù. Kí ẹ sì bi aláìsàn yín ní ohun tó fẹ́ nígbà tó ṣì lè sọ̀rọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.