Ìdí tí Zhu Jianhua fi ń gba idẹ

Ẹ̀gbọ́n tó bèèrè ìdí tí ọkùnrin tó ń fo òkè jù láyé nínú eré ìfò-sókè fi ń gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ, ti ipò kẹta, rẹ́kọ́ọ̀dù àti àmì-ẹ̀yẹ kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ẹ wo Zhu Jianhua, ọmọ Shanghai, tí Hu Hongfei kọ́. Ní 1983 ó fo mítà 2.37, lẹ́yìn náà 2.38. Ní June 10, 1984, ó fo 2.39 ní Eberstadt, Jámánì. Àmọ́ ní ìdíje àgbáyé ní Helsinki 1983, 2.29 péré, ipò kẹta. Ní Òlíńpíìkì Los Angeles, nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn 2.39, ó fo 2.31, kẹta náà ni; Mögenburg ará Jámánì fi 2.35 gba wúrà, Sjöberg ará Sweden fi 2.33 gba fàdákà. Wọ́n tilẹ̀ sọ òkò lu fèrèsé ilé rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ìwà òmùgọ̀ gbáà.

Eré sísá rẹ̀ yá púpọ̀. Ọrọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ewu wà. Tààrà la ti ń sá bọ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó kẹ́yìn la fi ń yí kọ́rọ́, bí ìdí lẹ́tà J. Níbi ìyípo yẹn, ara gbọ́dọ̀ fì sínú, kúrò lápá ọ̀pá tí a fẹ́ fò kọjá; ẹsẹ̀ tó jìnnà sí ọ̀pá la fi ń tẹ ilẹ̀ fò. Bí eré bá ṣe yá tó ni àyè àṣìṣe ṣe ń kéré tó. Tí ẹ bá tẹ ilẹ̀ súnmọ́ ọ̀pá jù, ẹ ó gbá a nígbà tí ẹ ń lọ sókè. Tí ó bá jìnnà jù, ìdí tàbí gìgísẹ̀ ni yóò gbé e wálẹ̀ nígbà tí ẹ ń bọ̀. Ẹ má dín eré kù o! Àmì ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ sún, ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Pápá tuntun, ẹ tún fi téèpù wọ̀n ọ́n, ibi ìbẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ẹ ti ń yí.

Òfin náà tún wà ńbẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra tí ẹ bá ti kùnà, ó tán, kódà bí gíga ọ̀pá bá yàtọ̀. Ẹni tó kùnà lẹ́ẹ̀kan, tó wá fi gíga yẹn sílẹ̀ láì tún gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kù fún un lórí èyí tó tẹ̀ lé e.

Ní ti ilẹ̀ Éṣíà, 2.39 yẹn dúró títí di 2013, kí Mutaz Barshim ará Qatar tó fo 2.40.