Mo bá àpáàdì nínú fọndéṣọ̀n mi: ṣé kí n pe ẹlẹ́rọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ra pulọ́ọ̀tì méjì sí Ilé-Ifẹ̀, sọ́fè rẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí àwọn bíríkìlà ń gbẹ́ fọndéṣọ̀n, wọ́n kan àpáàdì tí a tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tẹ́ ilẹ̀. Ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ tó ń ké tó bá rí irin ní kí n sanwó kí òun bá mi wò ó bóyá wúrà wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí n tètè da kọnkéré lé e kí ìjọba má baà gba ilẹ̀ náà. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ ní kí àwọn bíríkìlà kúrò lápá ibẹ̀, ẹ fi tapólì bò ó nítorí òjò, kí ẹ tó ka ìyókù.

Sọ́fè tí ẹ ní, ààlà ló ń sọ. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ kò kàn án. Iṣẹ́ awa awalẹ̀pìtàn nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹ ti pè wá kí ṣọ́bìrì tó wọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí ń bí mi nínú gan-an, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi í gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé. Wọ́n rò pé wúrà la máa ń wá. Irin àti àwọn ẹbí rẹ̀, bí idẹ àti wúrà, nìkan ni ẹ̀rọ náà ń gbọ́. Kò gbọ́ àpáàdì, kò gbọ́ èédú, kò gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ dígí tàbí ère amọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ ojú ihò tí òpó ilé àtijọ́ ti jẹrà sí. Ìṣó àti ìdérí ìgò ni yóò máa ké sí. Tó bá sì ti ké, ọkùnrin yẹn á wa ilẹ̀ já àpáàdì náà kọjá, á sì ba ohun tó níyì jù lórí ilẹ̀ yín jẹ́. Láfikún, òfin ọdún 1979 tó dá NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa wa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ.

Ibi tí nǹkan wà àti ohun tó yí i ká ló ń sọ ìtàn rẹ̀. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, hú àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí jáde. Kò sí awalẹ̀pìtàn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n títí di òní, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n ń lò wọ́n fún. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tún kan ère idẹ ní Ìta Yemòó, ní Ifẹ̀ kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, awalẹ̀pìtàn kan, Frank Willett, wa ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó bá àpáàdì bíi tiyín, ère amọ̀ lórí rẹ̀, àti èédú tí wọ́n fi mọ iye ọdún wọn. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà.

N kò tíì fojú rí tiyín, nítorí náà n kò ní búra. Ṣùgbọ́n tí àpáàdì bá dúró lórí ẹ̀gbẹ́, tí òkúta wẹ́wẹ́ funfun sì wà láàárín wọn, ojú ilẹ̀ àtijọ́ ni. Àwọn àgbà Ifẹ̀ ń pa á nítàn pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin, ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi tẹ́ ìgboro.

Ní ti gbígba ilẹ̀: òfin fún ìjọba lágbára láti kéde ibi kan ní ohun ìrántí, ẹ bá lọ́yà sọ ìyẹn. Àmọ́ níbi púpọ̀ tí mo ti ṣiṣẹ́, a gbẹ́ ihò kékeré díẹ̀, a jọ erùpẹ̀, a yàwòrán, onílé sì kọ́ ilé rẹ̀. Nígbà mìíràn, sókàwéè nìkan la ní kí wọ́n sún síwájú. Ní Igbo-Ukwu, ní ìpínlẹ̀ Anambra, orúkọ Isaiah Anozie, onílé tó ń gbẹ́ kòtò omi nígbà tó kan idẹ, ni wọ́n fi ń pe ibi tó gbẹ́ náà títí di òní.

Ẹ kọ̀wé sí NCMM láàárín ọjọ́ 7, tàbí kí ẹ lọ sí mùsíọ̀mù tó wà ní Ifẹ̀ lọ́la. Tí wọ́n bá dé, ẹ fi ibi tí àwọn bíríkìlà da àpáàdì tó ti ṣí sí hàn wọ́n. Ẹ má fọ àpáàdì náà.