Iná ìyeyè lára àpótí aago ìdágìrì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ń bójú tó, àwa mọ́kàndínlógún la wà níbẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀gá wa fi aago ìdágìrì iná síbẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, a máa ń dán an wò. Nígbà tó yá, iṣẹ́ pọ̀, àwọn oníbàárà ń sá jáde, la bá pa á tì. Láti oṣù tó kọjá ni iná ìyeyè kan ti ń tàn lára àpótí rẹ̀, tó sì ń ké "pí, pí". Ẹnì kan ti tẹ ibi tó ń pa á lẹ́nu mọ́. Ìgbà mélòó ló yẹ ká máa dán an wò, ta ló sì yẹ kó máa ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó. Iná ìyeyè yẹn ni ká kọ́kọ́ mójú tó. Lára àwọn àpótí wọ̀nyí, àwọ̀ ewé ń sọ pé iná mànàmáná wà, pupa ń sọ pé ilé ń jó, ìyeyè ń sọ pé nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́ kò tún nǹkan kan ṣe. Aláìsàn ló ní kó má kérora mọ́.

Lọ́pọ̀ ìgbà, bátìrì ni. Méjì ló sábà máa ń wà nínú àpótí náà, 12 fóòtì (volt) lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n so pọ̀ di 24. Wọn kì í sábà kọjá ọdún mẹ́rin, ooru ilẹ̀ wa sì ń jẹ nínú ọdún náà. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná pa iná SBEE, iléeṣẹ́ mànàmáná, tó ń wọ àpótí yẹn, kó fi í sílẹ̀ bíi wákàtí kan, kó tó tẹ bọ́tìnì pupa kan lára ògiri. Bí fèrè rẹ̀ bá ké bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn, tàbí tí kò ké rárá, bátìrì ti lọ nìyẹn. Iná tó bá ń jó ilé tètè máa ń jó wáyà, bí wáyà bá sì ti jó, iná mànàmáná lọ. Nígbà náà, bátìrì nìkan ló kù tó máa pariwo. Méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, ẹ má fi tuntun mọ́ ògbólógbòó, kí ẹ sì fi báírò kọ ọjọ́ tí ẹ rà wọ́n sí wọn lára.

Ní ti iye ìgbà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, BS 5839, ló sọ bẹ́ẹ̀. Faransé la fi ń ṣe ìwé níhìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ni mo ń tẹ̀ lé torí pé kò nira. Bọ́tìnì pupa ara ògiri kan lọ́sẹ̀ yìí, òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ní mẹ́rin, ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn lára, kí oṣù kan tó parí ẹ ti yí wọn ká. Ọ̀pọ̀ ibi tí mo ń lọ, bọ́tìnì ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń tẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí ẹ̀rọ amúnáwá àti kẹ́ẹ̀gì kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, wà, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá eku ti jẹ wáyà rẹ̀. (Ẹ kúkú gbé kpayo yẹn kúrò nínú ilé. Iná ibi ìpamọ́ epo tó pa èèyàn tó lé ní 30 ní Sèmè-Kraké lóṣù Kẹsàn-án 2023 kò tíì pẹ́ tó ohun tí à ń gbàgbé.)

Ẹ yan ọjọ́ kan àti wákàtí kan, bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ má so ó mọ́ ọjọ́ ọjà Adjarra bí oníbàárà mi kan ti ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọjà yẹn ń yí, kò pẹ́ tí ìdánwò fi bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, tí kò sẹ́nìkan níbi iṣẹ́. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà kí àwọn oníbàárà lè mọ̀, wọn ò ní sá mọ́.

Ẹ ò ní láti fọ́ gíláàsì. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan máa ń bá bọ́tìnì náà wá. Ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan á dúró ti àpótí láti wò ó bóyá iná pupa tàn síbi tó yẹ, ẹnì kẹta á rìn wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, yàrá tí ẹ ń kó bébà sí, àti ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà náà o. Èyí tí ẹ bá ṣe nígbà tí gbogbo ilé dákẹ́ kò sọ fún yín bóyá ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ń gbọ́. Kó má ké tó ìṣẹ́jú kan, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè mọ̀ pé bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ìdánwò: kí wọ́n jáde, kí wọ́n pe àwọn panápaná ní 118.

Àwọn ẹ̀rọ ara àjà tó ń gbóòórùn èéfín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún oníṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kí ìgbà kan jẹ́ lẹ́yìn ọyẹ́. Ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, mo gun àkàbà, mo rí ọ̀rá omi tútù tí wọ́n fi rọ́bà dè mọ́ ọ̀kan lórí. Eruku ọyẹ́ ló ń mú un pariwo, àwọn ọmọ iṣẹ́ bá dé e ní fìlà. Nígbà tí mo tú u, aláǹtakùn ti kọ́lé sínú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bébà jíjó tàbí oògùn ẹ̀fọn dán an wò, èédú rẹ̀ ń ba ojú rẹ̀ jẹ́. Àwa ní èyí tí a ń fín sí i.

Ta ló yẹ kó máa ṣe é? Kì í ṣe ọ̀gá. Ọ̀gá ń rìnrìn àjò. Àmọ́ bí ó bá ní bátìrì ti wọ́n jù, ẹ rán an létí pé òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 1998 di ààbò òṣìṣẹ́ ru agbanisíṣẹ́. Ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn láràárọ̀ ni kí ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́ àti ìwé kan: ọjọ́, nọ́ńbà bọ́tìnì, ohun tí wọ́n gbọ́, ìbuwọ́lùwé. Ẹ kọ orúkọ ẹnì kejì sẹ́yìn ìwé náà, tí yóò gbà á bí ẹni àkọ́kọ́ bá lọ sí ìsinmi. Lọ́dọ̀ yín, mo rò pé níbi ìsinmi ẹnì kan ni nǹkan yìí ti já.