"Fa ìlà" àbí "kọ ilà"?

Àbúrò kan bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwòrán tí wọ́n fi tàdáwà yà, ṣé 'kọ ilà' la ó wí ni àbí 'fa ìlà'? Ṣebí ọ̀kan náà ni?"

Ọ̀kan náà kọ́ o. Ohùn ló yà wọ́n. Ilà, re-do, ni ti ojú: pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́, èyí tí olóòlà ń fi abẹ kọ. Ìlà, do-do, la máa ń fà sórí bébà. Ẹ tún wo "fà" yẹn dáadáa. Òun náà la fi ń fa okùn, òun la fi ń fa omi nínú kànga. Ohun tí a bá fà, agbára ẹni tó fà á wà lára rẹ̀. Olóòlà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọwọ́ òun gbọ̀n, ojú ọmọ ọlọ́mọ ni. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán, ọwọ́ tó gbọ̀n gan-an lè jẹ́ ẹwà ibẹ̀.

Ẹ wo Ernst Ludwig Kirchner, ayàwòrán ará Jámánì. Ní 1905, ní Dresden, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dá ẹgbẹ́ Brücke sílẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹni tí wọ́n ń yà máa pààrọ̀ ìdúró ní ìṣẹ́jú 15, 15. Ta ló máa ráyè tún imú ṣe? Nígbà tó kó lọ sí Berlin ní 1911, tó ń ya àwọn èrò òpópónà, ìlà rẹ̀ wá mú ṣóńṣó, ó ń já síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ lè má rí ìka ọwọ́ ẹnì kankan kà, síbẹ̀ ẹ ó mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n ń kánjú lọ.

Tàdáwà kì í bo ohun tí ọwọ́ ṣe mọ́lẹ̀. Pẹ́ńsù ní kílínà. Tàdáwà kò ní. Bí ọwọ́ bá sáré, ìlà á tín-ín-rín, á máa já lójú ọ̀nà. Bí ọwọ́ bá dúró ronú, tàdáwà á rin ibẹ̀ gbindin. Èmi a máa wá ibi tó rin yẹn kí n tó wo ojú ènìyàn inú àwòrán.

Ibì kan ṣoṣo tí mo lè gbà "kọ" fún yín ni àwòrán tí Kirchner fi ọ̀bẹ gbẹ́ sára pákó kó tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Níbẹ̀, irin ló ń ṣiṣẹ́, bíi ti olóòlà.